Ìgbàlà, Ìtẹ̀lé Jésù àti Kíka Ìwé Mímọ́: Àgbéyẹ̀wò Ẹ̀kọ́ Àwọn Ìjọ ní Kútọnu

Ìbéèrè tí onítúbú ìlú Fílípì bi Pọ́ọ̀lù àti Sílà ní òru ọjọ́ kan, gẹ́gẹ́ bí orí 16 ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì ṣe ròyìn rẹ̀, ni gbogbo ẹ̀kọ́ nípa ìgbàlà ń dáhùn títí di òní: kí ni ènìyàn yóò ṣe kí ó tó lè là? Ìdáhùn tí ó rí gbà kò gùn. Kí ó gba Jésù Olúwa gbọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó ti ọkùnrin náà àti àwọn ará ilé rẹ̀, wọ́n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run fún wọn. Ọkùnrin náà bu omi, ó fọ ojú ọgbẹ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n rẹ̀, ó ṣe ìrìbọmi pẹ̀lú agbo ilé rẹ̀, ó sì gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún àwọn àlejò rẹ̀. Ìgbàgbọ́, ìṣe ọmọ-ẹ̀yìn àti àlàyé Ìwé Mímọ́ pàdé nínú ilé kan ṣoṣo kí ilẹ̀ tó mọ́.

Láti ìgbà náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àríyànjiyàn sì ti pọ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Síbẹ̀, ọ̀kan kì í dá dúró láìsí èkejì. Bí ìjọ kan bá ṣe ń ka Bíbélì ni yóò ṣe sọ irú ìgbàgbọ́ tí ń gba ènìyàn là, ìgbé ayé àwọn ọmọ ìjọ náà ni yóò sì fi hàn bóyá kíkà yẹn tọ̀nà. Kútọnu, ìlú tí ó tóbi jù ní orílẹ̀-èdè Benin, jẹ́ ibi tí ó dára láti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ìjọ tí ẹ̀kọ́ wọn yàtọ̀ síra ti ń gbé ojúlé sí ojúlé.

Bí ẹ̀kọ́ náà ṣe dé

Ní ọdún 1842, Thomas Birch Freeman, òjíṣẹ́ Mẹ́tọ́díìsì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Áfíríkà tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ó dé Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1843 ó lọ kí Ọba Gézò ti Dàhòmẹ̀. Láti ìgbà ìrìnàjò yìí ni Ìjọ Elétò (Mẹ́tọ́díìsì) ilẹ̀ Benin ti ń ka ọjọ́ orí rẹ̀. Ohun tí àwọn Elétò mú wá ni ìwàásù pé ọkàn olúkúlùkù gbọ́dọ̀ mọ̀ pé a ti dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì í, àti ètò kíláàsì tí ń tọ́ ẹni tí ó bá gbàgbọ́.

Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bràsíìlì padà wá ti ń gbàdúrà ní etíkun náà kí àwọn míṣọ́nnárì Kátólíìkì tó dé. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 1861, Francesco Borghero, àlùfáà ọmọ Ítálì láti inú ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lyon, dé sí Ouidah. Ẹ̀kọ́ àwọn Kátólíìkì gbé sákíráméǹtì àti katikísìmù síwájú: inú ìjọ ni ènìyàn ti ń gba oore-ọ̀fẹ́, inú rẹ̀ náà ni ó sì ti ń dàgbà.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1947, Samuel Biléhou Joseph Oschoffa, káfíńtà kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú Ìjọ Elétò, dá Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá sílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Sẹ̀lẹ́. Àdúrà, ìran, ìwòsàn àti òfin ìwà mímọ́ ni òpó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìjọ ajíhìnrere àti ti Pẹ́ńtíkọ́sì gbilẹ̀, púpọ̀ nínú wọn láti Nàìjíríà, pẹ̀lú ìpè sí àtúnbí àti ìpinnu tí ẹnìkọ̀ọ̀kan fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe.

Ìkànìyàn ọdún 2013 fi hàn pé Krìstẹ́nì jẹ́ ìdá 48.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Benin. Ọmọ Ìjọ Kátólíìkì jẹ́ 25.5, Sẹ̀lẹ́ jẹ́ 6.7, Ìjọ Elétò jẹ́ 3.4, àwọn ìjọ yòókù ló pín ìyókù. Mùsùlùmí jẹ́ 27.7, àwọn olùsìn Vodun sì jẹ́ 11.6. Nítorí náà, kò ṣọ̀wọ́n kí inú ilé kan ní àdúgbò Akpakpa tàbí Gbégamey ní Kútọnu ní ìyá tí ń lọ sí Máàsì, ọmọ tí ń wọ sùtánà funfun àti àbúrò tí ń lọ sí ìsọjí, kí ìbéèrè onítúbú Fílípì sì di ọ̀rọ̀ ìdílé.

Oore-ọ̀fẹ́, ìgbàgbọ́ àti iṣẹ́

Orí kejì ìwé sí àwọn ará Éfésù ni ọ̀pọ̀ ìwàásù lórí ìgbàlà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ 8 àti 9 sọ pé oore-ọ̀fẹ́ ló gba ènìyàn là nípasẹ̀ ìgbàgbọ́, pé ẹ̀bùn Ọlọ́run ni, kì í ṣe èrè iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà fọ́nnu. Ọ̀pọ̀ ló há ẹsẹ méjì yìí sórí tí wọ́n sì dúró síbẹ̀. Ẹsẹ 10 tí ó tẹ̀ lé e fi kún un pé Ọlọ́run dá àwọn tí ó gbà là sínú Krístì fún iṣẹ́ rere tí òun fúnra rẹ̀ ti pèsè sílẹ̀. Iṣẹ́ rere kọ́ ló bí ìgbàlà; ìgbàlà ló ń bí iṣẹ́ rere. Bí ẹnikẹ́ni bá yọ ẹsẹ kan kúrò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀kọ́ náà yóò wọ́.

Ilẹ̀ Áfíríkà ni ìjọ ti kọ́kọ́ jà lórí ọ̀rọ̀ yìí gidigidi. Pelagius, ọmọ ilẹ̀ Brítéènì, kọ́ni pé ènìyàn lè fi agbára ìfẹ́ inú ara rẹ̀ pa òfin Ọlọ́run mọ́. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Àlgéríà lónìí, dáhùn pé ìfẹ́ inú náà ti ṣàìsàn, pé oore-ọ̀fẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó sàn. Ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Carthage fi ọwọ́ sí èrò Augustine ní ọdún 418.

Ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, Martin Luther ní Jámánì ka ìwé sí àwọn ará Róòmù, ó sì dé ìparí èrò pé ìgbàgbọ́ nìkan ni Ọlọ́run fi ń dá ẹlẹ́ṣẹ̀ láre. Ìgbìmọ̀ Trent dá a lóhùn ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 1547. Ìgbìmọ̀ náà gbà pé oore-ọ̀fẹ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀, pé ìgbàgbọ́ sì ni gbòǹgbò ìdáláre, ṣùgbọ́n ó kọ́ni pé ìgbàgbọ́ tí kò ní ìrètí àti ìfẹ́ nínú kò so ènìyàn pọ̀ mọ́ Krístì tán. Fún àwọn ọmọlẹ́yìn Luther, ìdáláre jẹ́ ìdájọ́ tí Ọlọ́run kéde lórí ẹlẹ́ṣẹ̀ nítorí Krístì. Fún Kátólíìkì, ìdájọ́ náà ń sọ ẹlẹ́ṣẹ̀ di olódodo ní tòótọ́ láti inú wá.

John Wesley, tí ìjọ Freeman ti ọwọ́ rẹ̀ wá, gba ọ̀nà tirẹ̀ láàrin àwọn méjèèjì. Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1738, níbi ìpàdé kan ní òpópónà Aldersgate ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí Luther kọ sí ìwé Róòmù, ó sì dá a lójú pé Krístì ti mú ẹ̀ṣẹ̀ òun kúrò. Ó di ìdáláre nípa ìgbàgbọ́ mú láti ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó kọ́ni pẹ̀lú pé ẹni tí Ọlọ́run dá láre gbọ́dọ̀ máa lépa ìwà mímọ́, àti pé ó lè kúrò nínú oore-ọ̀fẹ́ bí ó bá kẹ̀yìn sí i.

Ìjà náà rọlẹ̀ púpọ̀ ní òpin ọ̀rúndún tó kọjá. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1999, Ìjọ Kátólíìkì àti Àjọ Àwọn Ìjọ Luther ní Àgbáyé fọwọ́ sí ìkéde àpapọ̀ lórí ìdáláre ní Augsburg. Wọ́n jọ gbà pé oore-ọ̀fẹ́ nìkan, láìka ìtóye ènìyàn sí, ló mú kí Ọlọ́run tẹ́wọ́ gba ẹlẹ́ṣẹ̀ tí ó gbẹ́kẹ̀ lé Krístì, àti pé Ẹ̀mí Mímọ́ ló ń sọ ọkàn rẹ̀ dọ̀tun sí iṣẹ́ rere. Àjọ Àwọn Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Àgbáyé darapọ̀ mọ́ ìkéde náà ní ọdún 2006. Ìtumọ̀ èyí ní Kútọnu ni pé ẹni tí ń jáde láti inú kàtídírà aláwọ̀ pupa-àti-funfun tí ó wà nítòsí afárá, àti ẹni tí ń jáde láti ilé ìsìn Elétò, kò ní ìdí mọ́ láti pe ara wọn ní ẹni ègbé lórí ọ̀rọ̀ ìdáláre. Ó yẹ kí ìròyìn náà dé orí pẹpẹ ìwàásù ju bí ó ti dé lọ.

Ábúráhámù lọ́wọ́ Pọ́ọ̀lù àti lọ́wọ́ Jákọ́bù

Àpẹẹrẹ tí ó fi hàn jù bí ìtumọ̀ Ìwé Mímọ́ ṣe di ọ̀rọ̀ ìgbàlà ni ẹsẹ kan ṣoṣo, Jẹ́nẹ́sísì 15:6, tí ó sọ pé Ábúráhámù gba Olúwa gbọ́, Olúwa sì kà á sí òdodo fún un. Pọ́ọ̀lù lò ó nínú Róòmù 4 láti fi hàn pé ìgbàgbọ́ ni a fi ń dá ènìyàn láre láìsí iṣẹ́ òfin. Jákọ́bù lo ẹsẹ kan náà nínú orí kejì ìwé rẹ̀ láti fi hàn pé ìgbàgbọ́ nìkan kò tó. Luther rí àwọn méjèèjì bí ẹni tí kò bára wọn mu, ó sì fojú kéré ìwé Jákọ́bù nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ ní ọdún 1522.

Bí òǹkàwé bá to ìtàn náà bí ó ṣe wà nínú Jẹ́nẹ́sísì, ìjà náà yóò tán. Orí 15 ni Ọlọ́run ti ka ìgbàgbọ́ Ábúráhámù sí òdodo. Orí 16 ni wọ́n bí Íṣímáẹ́lì, nígbà tí Ábúráhámù jẹ́ ẹni ọdún 86. Orí 17 ni ó kọlà, nígbà tí ó di ẹni ọdún 99. Ó kéré tán, ọdún 13 ló wà láàrin ìdáláre rẹ̀ àti ìkọlà rẹ̀. Ibi tí Pọ́ọ̀lù tẹ ìka sí nìyẹn: Ọlọ́run ti gba Ábúráhámù kí àmì òfin kankan tó wà lára rẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè sọ fún àwọn tí kì í ṣe Júù pé dandan ni kí wọ́n kọlà kí wọ́n tó là.

Jákọ́bù ní tirẹ̀ lọ sí orí 22, níbi tí Ábúráhámù ti fa Ísáákì lé Ọlọ́run lọ́wọ́ lórí òkè. Ó ní ìgbàgbọ́ orí 15 ló di odindi nínú ìṣe orí 22. Ẹni tí Jákọ́bù ń bá wí kì í ṣe ẹni tí ń bẹ̀rù òfin. Ẹni tí ó rí arákùnrin rẹ̀ ní ìhòòhò, tí ebi ń pa á, tí ó kàn sọ fún un pé kí ó máa lọ ní àlàáfíà, ni. Ó rán irú ẹni bẹ́ẹ̀ létí pé àwọn ẹ̀mí èṣù pàápàá gbà pé Ọlọ́run kan ló wà, wọ́n sì ń wárìrì. Pọ́ọ̀lù ń sọ bí ènìyàn ṣe ń wọlé sọ́dọ̀ Ọlọ́run. Jákọ́bù ń sọ bí a ṣe ń mọ ẹni tí ó ti wọlé.

Àwọn òǹkàwé Yorùbá ní àǹfààní láti ka àwọn méjèèjì pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé Róòmù ni Samuel Àjàyí Crowther kọ́kọ́ gbé jáde nínú ìtumọ̀ Bíbélì rẹ̀, ní ọdún 1850. Ìwé Jákọ́bù wà lára àwọn tí ó tẹ̀ lé e ní ọdún 1851. Ó tó ọdún 33 lẹ́yìn náà, ní 1884, kí odindi Bíbélì tó jáde. Bíbélì yìí ni àwọn Yorùbá Kétu, Ṣábẹ̀, Pọ̀bẹ̀ àti Àjàṣẹ́ gbé lọ́wọ́ wá sí Kútọnu.

Ìgbé ayé ọmọ-ẹ̀yìn

Nínú Mátíù 28, ohun tí Jésù rán àwọn àpọ́sítélì láti ṣe ni kí wọ́n sọ orílẹ̀-èdè gbogbo di ọmọ-ẹ̀yìn, kí wọ́n rì wọ́n bọmi, kí wọ́n sì kọ́ wọn láti pa gbogbo ohun tí òun pa láṣẹ mọ́. Lúùkù 14 sọ ohun tí yóò náni. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀, kí ó má baà fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ kí ó sì di ẹni ẹ̀sín. Ìgbàlà jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ìtẹ̀lé Jésù a máa gba gbogbo ayé ẹni.

Ọ̀nà tí àwọn ìjọ fi ń tọ́ ọmọ-ẹ̀yìn yàtọ̀ síra. Ní Bristol ní ọdún 1742, àwọn ọmọlẹ́yìn Wesley pín ara wọn sí kíláàsì ẹni méjìlá méjìlá. Gbèsè ilé ìsìn ló fà á: olórí kíláàsì ń lọ gba kọ́bọ̀ kan lọ́wọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀. Bí ó ti ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń rí bí wọ́n ṣe ń gbé, ó sì ń béèrè bí ọkàn wọn ṣe wà. Kò pẹ́ tí ìbéèrè náà fi ṣe pàtàkì ju owó lọ. Ní ọdún 1743 Wesley kọ òfin mẹ́ta sílẹ̀ fún wọn: kí wọ́n yẹra fún ibi, kí wọ́n ṣe rere, kí wọ́n má fi àdúrà, Bíbélì àti Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ṣeré. Ìjọ Elétò ń lo kíláàsì títí di òní. Níbi tí olórí kíláàsì bá ti kàn ń gba owó láìbéèrè nípa ọkàn, ohun tí ó mú kí kíláàsì wúlò ti sọnù.

Kátólíìkì gba ọ̀nà ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀: àgbàlagbà tí ó fẹ́ ṣe ìrìbọmi ń kọ́ ẹ̀kọ́ fún ìgbà pípẹ́, ó ń gba ìpele kan lẹ́yìn òmíràn níwájú ìjọ, òru Àjíǹde sì ni ó sábà máa ń wọlé pátápátá. Sẹ̀lẹ́ fi òfin tí ó hàn sójú tọ́ ọmọ ìjọ: kò gbọdọ̀ mu ọtí tàbí sìgá, kò gbọdọ̀ jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, kò sì gbọdọ̀ wọ bàtà nígbà tí ó bá wọ sùtánà. Deeper Life, tí ó ti Nàìjíríà dé, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1973 gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ kékeré tí ń ka Bíbélì papọ̀ lábẹ́ W. F. Kumuyi, ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì sì ni òpó rẹ̀ di òní.

Ewu méjì ló dojú kọ gbogbo wọn. Èkíní ni kí òfin gba ipò Krístì, tí ènìyàn yóò fi máa ka ohun tí kò jẹ àti ohun tí kò mu sí ìtóye rẹ̀ níwájú Ọlọ́run. Èkejì ni èyí tí Dietrich Bonhoeffer, olùṣọ́-àgùntàn ọmọ Jámánì, kìlọ̀ nípa rẹ̀ nínú ìwé tí ó kọ lórí ìtẹ̀lé Krístì ní ọdún 1937: oore-ọ̀fẹ́ olówó pọ́ọ́kú, tí ń ṣèlérí ìdáríjì láìsí ìrònúpìwàdà. Ìjọba Násì pa á ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin ọdún 1945, nítorí pé ó kọ̀ láti ya ìgbàgbọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò nínú ìṣe rẹ̀.

Ní Kútọnu, ibi tí a ti ń dán ẹ̀kọ́ yìí wò ni òṣùwọ̀n ọjà Dantokpa, ìgò kpayo, epo bẹntiróòlù fàyàwọ́, lẹ́bàá títì, àti yàrá aláìsàn. Ẹni tí ó gba Jésù gbọ́ tí ó ń dín òṣùwọ̀n kù, tàbí tí ó ń da nǹkan mọ́ epo tí ó ń tà fún ọlọ́kadà, ti dá Jákọ́bù lóhùn láìlanu. Ti yàrá aláìsàn ló le jù. Bí àìsàn ọmọ bá pẹ́, àwọn àgbà ìdílé yóò ní kí wọ́n lọ bá bokọ́nọ̀, babaláwo àwọn Fọ̀n, dá Fá. Ìwàásù àwọn Pẹ́ńtíkọ́sì àti Sẹ̀lẹ́ a máa sọ pé kí ènìyàn yàn, kí ó má fi ẹsẹ̀ kan síhìn-ín, èkejì sọ́hùn-ún. Àwọn onímọ̀ Kátólíìkì fi kún un pé kò yẹ kí yíyàn náà di ẹ̀gàn fún àwọn baba ńlá tàbí ìkórìíra ìdílé. Gbogbo wọn gbà pé ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé Krístì nígbà tí ara dá gbọ́dọ̀ lè gbẹ́kẹ̀ lé e nígbà tí ẹ̀rù bá dé, àti pé kò sí ẹni tí ó lè dá nìkan ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjọ tí ó ní kí ìyá ọmọ má lọ bá bokọ́nọ̀ gbọ́dọ̀ bá a jókòó ní ilé ìwòsàn, kí ó sì bá a san owó oògùn.

Kíkà àti títúmọ̀ Ìwé Mímọ́

Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 8, ìjòyè ará Etiópíà kan ń ka ìwé Àìsáyà nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀. Nígbà tí ajíhìnrere kan tí ń jẹ́ Fílípì bi í bóyá ohun tí ó ń kà yé e, ó dáhùn pé yóò ṣe yé òun bí kò bá sí ẹni tí yóò tọ́ òun sọ́nà. Ta ni olùtọ́sọ́nà náà? Ibẹ̀ ni àwọn ìjọ ti yapa. Kátólíìkì ní Ìwé Mímọ́, àṣà àwọn àpọ́sítélì àti ìkọ́ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù ni a gbọ́dọ̀ kà pọ̀. Ìwé tí Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì gbé jáde ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1965, Dei Verbum, fi kún un pé kí òǹkàwé wádìí ohun tí òǹkọ̀wé gan-an ní lọ́kàn àti irú ìwé tí ó kọ, kí ó sì ka apá kan ní ìbámu pẹ̀lú gbogbo Bíbélì. Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ní Bíbélì ni adájọ́ ìkẹyìn lórí gbogbo olùkọ́ni. Sẹ̀lẹ́ gbà pé Ẹ̀mí ṣì ń bá ìjọ sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ àwọn wòlíì, ó sì ń ka òfin ìwà mímọ́ inú Májẹ̀mú Láéláé sí ohun tí ó ṣì kàn án.

Bàtà bíbọ́ jẹ́ àpẹẹrẹ rere. Ẹ́kísódù 3:5 ni wọ́n gbé e lé: Ọlọ́run pàṣẹ fún Mósè pé kí ó bọ́ bàtà rẹ̀ nítorí ilẹ̀ mímọ́ ni ó dúró sí. Àwọn tí kò gbà á bẹ́ẹ̀ ní ibi kan àti ẹnì kan ni àṣẹ náà wà fún, àti pé Ìgbìmọ̀ Jerúsálẹ́mù nínú Ìṣe 15 kò di ẹrù òfin Mósè ru àwọn tí kì í ṣe Júù. Àwọn ọmọ Sẹ̀lẹ́ dáhùn pé ọ̀wọ̀ ni, kì í ṣe owó ìgbàlà. Bí ìdáhùn náà bá jẹ́ òtítọ́ nínú ọkàn ẹni tí ń ṣe é, kò tako Pọ́ọ̀lù. Bí ẹnì kan bá rò pé ẹsẹ̀ lásán ló gba òun là, Róòmù 4 ti dá a lẹ́jọ́.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni fífa ẹsẹ kan yọ kúrò láàrin àwọn ará rẹ̀. Jeremáyà 29:11, tí ó sọ èrò àlàáfíà tí Ọlọ́run ní sí àwọn ènìyàn rẹ̀, wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù àti ẹ̀yìn ọkọ̀ káàkiri, gẹ́gẹ́ bí ìlérí pé ọrọ̀ ń bọ̀ láìpẹ́. Ẹsẹ 10 tí ó ṣáájú rẹ̀ ní ọdún 70 ni àwọn ìgbèkùn náà yóò lò ní Bábílónì. Ẹsẹ 5 sí 7 ní kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n gbàdúrà fún ìlú tí ó kó wọn lẹ́rú. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà kò ní fojú rí ìpadàbọ̀. Ìlérí sùúrù ni, ó sì dára ju èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ lọ, nítorí pé ó lè gbé ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà ró.

Èdè náà jẹ́ ara ìtumọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìsìn Kútọnu, oníwàásù a máa sọ Faransé, ògbufọ̀ a sì dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí yóò máa sọ ọ́ ní Fọ̀n, Ègùn tàbí Yorùbá. Ohun tí ògbufọ̀ bá sọ ni ọ̀pọ̀ ìjọ gbọ́, nítorí náà ó yẹ kí òun náà kọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì bíi ti oníwàásù. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Benin ti mọ̀ tipẹ́ pé èdè àti àṣà jẹ́ ara ìtumọ̀. Ní ọdún 1956, Robert Sastre, ọmọ Dàhòmẹ̀ (orúkọ Benin nígbà náà), wà lára àwọn àlùfáà aláwọ̀ dúdú tí wọ́n jọ gbé ìwé jáde láti béèrè bí ìhìnrere yóò ṣe fìdí múlẹ̀ nínú àṣà wọn. Barthélemy Adoukonou dá ẹgbẹ́ Mewihwendo sílẹ̀ ní ọdún 1970, níbi tí àwọn ọlọ́gbọ́n ìbílẹ̀ àti àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn ti jọ ń ronú lórí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Joseph Ratzinger, tí ó jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ ní Jámánì, wá sí Benin gẹ́gẹ́ bíi Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún, ó sì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ fún ìjọ Áfíríkà ní Ouidah ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá ọdún 2011.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró

Ohun tí kò tíì parí ṣì pọ̀. Àwọn kan kọ́ni pé ẹni tí Krístì gbà là kò lè ṣègbé mọ́, wọ́n gbé e lé Jòhánù 10. Elétò àti Kátólíìkì tọ́ka sí Hébérù 6 pé ó lè ṣubú. Kátólíìkì àti Elétò ń ri ọmọ ọwọ́ bọmi; àwọn Pẹ́ńtíkọ́sì ní kí ó kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Àṣẹ àwọn bíṣọ́ọ̀bù àti ti àwọn wòlíì ṣì ń pín wọn níyà.

Ohun tí wọ́n jọ dì mú ló wúwo jù. Gbogbo wọn gbà pé Ọlọ́run ló kọ́kọ́ na ọwọ́, pé Krístì nìkan ni olùgbàlà, pé ìgbàgbọ́ tí kò yí ìwà padà kì í ṣe èyí tí Pọ́ọ̀lù wàásù, àti pé kò yẹ kí a fi ẹsẹ Bíbélì kan tako gbogbo Bíbélì. Ìjọ tí ó bá ń ka Róòmù pẹ̀lú Jákọ́bù, tí ó ń béèrè ẹni tí a kọ̀wé sí kí ó tó sọ pé òun ni a kọ ọ́ sí, tí ó sì ń jẹ́ kí olórí kíláàsì tàbí katikísìtì rẹ̀ mọ bí ọmọ ìjọ ṣe ń gbé ní ọjọ́ Mọ́ńdè, kò ní ṣìnà jìnnà lórí èyíkéyìí nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.